Ewu Ń Bẹ Nínú Kíkákò Lórí Kẹ̀kẹ́ Nígbà Tí A Bá Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè

Ẹni tó bá dé Lọ́kọ́ja, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, kò ní pẹ́ mọ̀ pé àárín omi àti òkè ni ìlú náà wà. Ní ìsàlẹ̀ ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé ara wọn. Lókè sì ni Òkè Pátì wà, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 458 sí ìtẹ́jú òkun. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ló lọ sí orí òkè náà, níbi tí ilé ìsinmi Lord Lugard wà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ gùn ún yóò làágùn, yóò sì mí hẹlẹhẹlẹ kó tó débẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń làágùn ni ewu pọ̀ sí jù lọ. Ìgbà tí òógùn bá gbẹ tán, tí ènìyàn yí orí kẹ̀kẹ́ padà sí ìsàlẹ̀, tí kò sì nílò láti fi ẹsẹ̀ wà á mọ́, ìgbà náà ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Lọ́kọ́ja nìkan. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìdànrè, ní Èfọ̀n Alààyè, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ní Abẹ́òkúta, àti níbi gbogbo tí ojú ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́. Àwọn bàbá wa tó sọ kẹ̀kẹ́ ní ológeere mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ohun tó ń yọ̀ geere lọ ni. Ohun tó bá sì ń yọ̀ geere lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dá dúró.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń wo ìdíje kẹ̀kẹ́ lórí fóònù wọn. Láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé fún kẹ̀kẹ́ ojú pópó wáyé ní Kigali, olú ìlú Rwanda. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà yóò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ní ìlú tí òkè yí ká. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n àwòrán àtijọ́ àti ti tuntun ló jọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó bá sì ń wò wọ́n lè kọ́ ohun kan tí àwọn tó ni eré náà fúnra wọn ti fi òfin dè: bí agunkẹ̀kẹ́ ṣe ń kákò bí ẹni pé ó fẹ́ wọnú irin kẹ̀kẹ́ lọ, kó lè túbọ̀ yára nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Oríṣi ìkákò mẹ́ta

Oríṣi kìíní ló gbajúmọ̀ jù. Agunkẹ̀kẹ́ yóò kúrò lórí ìjókòó, yóò jókòó sórí irin tó so ìjókòó pọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, yóò tẹ àyà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ yóò sì nà kọjá síwájú. Irin yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ bàbá nílẹ̀ wa máa ń gbé ọmọ jókòó sí bí wọ́n bá ń gbé e lọ sí ilé ìwé. Matej Mohorič, ọmọ orílẹ̀-èdè Slovenia, lo ọ̀nà yìí nígbà tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ọdún 23, ní ìlú Florence lọ́dún 2013. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń fara wé e.

Nínú oríṣi kejì, agunkẹ̀kẹ́ yóò fi ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ lé orí irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́, láìdi ohunkóhun mú gírígírí, gẹ́gẹ́ bí ajá tó nà gbalaja tó sì na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì. Oríṣi kẹta ni èyí tí Marco Pantani, ará Ítálì tó gba Tour de France àti Giro d'Italia lọ́dún 1998, sọ di olókìkí: ìdí rẹ̀ yóò kọjá ìjókòó lọ sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ yóò sì wà lórí ìjókòó.

Kí ni wọ́n ń lé?

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá agunkẹ̀kẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń rìn jẹ́jẹ́, a kì í mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bí iyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ara padà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí iyára bá ti pọ̀ púpọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lè fi kún un mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ara kéré lójú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kákò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2016, nínú ìdíje Tour de France, Chris Froome ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sá mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lórí òkè Peyresourde. Ó jókòó sórí irin, ó ń fi ẹsẹ̀ wà kẹ̀kẹ́ bó ṣe kákò, ó sì gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 13. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bert Blocken ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Eindhoven, ní Netherlands, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹ oríṣiríṣi ìjókòó wò, wọ́n rí i pé ti Froome kọ́ ló yára jù. Wọ́n tún ṣàlàyé pé ìwúwo tó pọ̀ jù bọ́ sórí táyà iwájú. Èyí já sí pé ewu tí ènìyàn fojú rí lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, tó sì fẹ́ fara wé, kò tilẹ̀ mú èrè tí ó rò wá.

Ohun tí ara ń pàdánù

Ẹni tó bá jókòó dáadáa lórí kẹ̀kẹ́ ní ohun mẹ́rin tó ń dáàbò bò ó. Kíkákò máa ń gba gbogbo wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkíní ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ìwúwo ara bá lọ sí iwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tẹ ìjánu iwájú lójijì, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lè gbéra nílẹ̀, kó sì da onítọ̀hún sí iwájú. Èkejì ni ọwọ́. Ẹni tó fi ìgbọ̀nwọ́ lé irin kò di ìjánu mú, bí òkúta kékeré kan bá sì yí táyà, kò ní agbára láti dá a padà. Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ àti apá tó tẹ̀ díẹ̀ dà bí sípíríǹgì tó ń gba ìdààmú kòtò mọ́ra. Ẹni tó jókòó sórí irin kò ní sípíríǹgì kankan mọ́, kòtò tí ìbá mì í lásán yóò jù ú sọnù. Ẹ̀kẹrin ni ojú. Ọrùn tó ti tẹ̀ kò lè gbé orí sókè pẹ́ títí, nítorí náà ilẹ̀ tó wà nítòsí ni ojú ń rí, kì í ṣe ewúrẹ́ tó fẹ́ sọdá lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ gbé e yẹ̀ wò. Kẹ̀kẹ́ tó ń sáré 60 kìlómítà láàrin wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 17 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí kòtò, kí ọpọlọ tó mọ̀ pé kòtò ni, kí ìka tó dé orí ìjánu, ìṣẹ́jú àáyá kan lè ti lọ. Bí ọwọ́ kò bá sí nítòsí ìjánu rárá, ńkọ́? Ní ti ìkọlù fúnra rẹ̀, ẹni tó fi iyára 30 kìlómítà láàrin wákàtí kan kọ lu ògiri dà bí ẹni tó jábọ́ láti ibi tó ga ní mítà mẹ́ta àbọ̀. Bí iyára náà bá di 60, ó ti dà bí ẹni tó jábọ́ láti ibi tó ga ní mítà 14, ìyẹn òrùlé ilé alájà mẹ́rin. Iyára di ìlọ́po méjì. Ìkọlù di ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ ni kí egungun èjìká tàbí ti ọrùn ọwọ́ dá, kí awọ ara bó, kí ọpọlọ mì nínú agbárí, tàbí kí eegun ọ̀pá ẹ̀yìn fara pa. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tún lè gún ni níkùn. Nígbà míràn kò ní sí ojú ọgbẹ́ kankan níta, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ á máa dà nínú. Ẹni tó bá ṣubú, tó sì ní inú ń dun òun lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé kó lọ sùn.

Òfin ọdún 2021

Àjọ UCI, tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé láti ìlú Aigle ní Switzerland, kéde ní oṣù Kejì ọdún 2021 pé òun ti fòfin de jíjókòó sórí irin àti fífi ìgbọ̀nwọ́ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje ojú pópó. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún náà. Kò pé oṣù kan tó fi mú ẹni ńlá: ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, wọ́n yọ orúkọ Richard Carapaz, ọmọ orílẹ̀-èdè Ecuador, kúrò nínú èsì ìdíje Liège–Bastogne–Liège nítorí pé ó kákò sórí irin.

Kì í ṣe gbogbo agunkẹ̀kẹ́ ló gba òfin náà tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn kan sọ pé àwọn mọ iṣẹ́ àwọn, àti pé kí àjọ náà kọ́kọ́ tún ojú ọ̀nà ìdíje ṣe ná. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ní ìlú Katowice ní Poland, ojú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ ni wọ́n fi ṣe òpin ìdíje, níbi tí Fabio Jakobsen ti Netherlands ti kọ lu ọgbà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tó sì fara pa gidigidi. Ṣùgbọ́n ìdáhùn àjọ UCI kò ṣeé kọ̀: àwọn ọmọdé ń wo àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, wọ́n sì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní dókítà tó ń fi ọkọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n sì ti dí ọ̀nà fún un. Ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Òkè Pátì kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àwọn tí ìsọ̀kalẹ̀ òkè pa

A kò gbọ́dọ̀ rò pé kíkákò nìkan ló ń pani. Fabio Casartelli ará Ítálì, tó gba wúrà ní ìdíje Òlíḿpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, ṣubú ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1995 níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Portet d'Aspet ní Faransé. Orí rẹ̀ kọ lu òkúta kọnkéré ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò dé akoto. Ó kú ní ọmọ ọdún 24. Wouter Weylandt ará Bẹ́ljíọ̀mù kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 níbi ìsọ̀kalẹ̀ òkè Bocco ní Ítálì. Gino Mäder ará Switzerland jábọ́ sínú ọ̀gbun nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Albula ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ọmọ ọdún 26 ni Weylandt àti Mäder.

Chris Froome fúnra rẹ̀ rí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2019, bó ṣe ń yẹ ọ̀nà ìdíje wò nítòsí Roanne ní Faransé, ó mú ọwọ́ kan kúrò lórí kẹ̀kẹ́ láti fun imú rẹ̀. Ìjì gbá táyà iwájú, ó kọ lu ògiri, egungun itan rẹ̀ àti ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dá, egungun ìhà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe kéré tó láàrin ọwọ́ méjì lórí kẹ̀kẹ́ àti ọwọ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn jù lọ, tó sì jókòó dáadáa, a jẹ́ pé ẹni tó kákò ti ta gbogbo ààbò tó kù fún un.

Ohun tó jọ ọ́ nílé

Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe nítorí ife ẹ̀yẹ ni a ṣe ń jẹ́ kí òkè gbé wa sáré. Owó epo ni. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló máa ń pa ẹ́ńjìnnì, tàbí kí wọ́n gbé jíà sí fíríì, bí wọ́n bá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí epo lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò ṣòro láti mọ ìdí tí ìdánwò náà fi lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà kékeré jẹ́ ìjánu kan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá pa á ti gbé gbogbo iṣẹ́ lé ìjánu yòókù lórí. Bí ìjánu bá gbóná jù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, kì í mú ọkọ̀ mọ́.

Lọ́kọ́ja mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìjánu ọkọ̀ agbépo kan kọṣẹ́ ní Felele, ní òpópónà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ọkọ̀ náà kọ lu àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sọ, ó sì lé ní 20 ènìyàn tó bá a lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára wọn. Ọkọ̀ agbépo kì í ṣe kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí wọn lórí òkè: iyára tí a kò ṣiṣẹ́ fún kò ní gbọ́ràn sí wa lẹ́nu nígbà tí a bá pè é pé kó dúró, àfi bí a bá ti ń ká a lọ́wọ́ kò láti òkè wá.

Akoto kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 190 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún. Láàrin àwọn tó ń gun ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì, orí ni ìpalára tó ń pani jù sábà máa ń bá.

Àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé akoto ń dín ikú àwọn tó ń gun alùpùpù tó bá ní ìjàǹbá kù ní ìdá 42 nínú ìdá 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Lọ́dún 2016, Jake Olivier àti Prudence Creighton ti Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà pa ìwádìí 40 pọ̀, tó kan àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún 64 tí wọ́n fara pa. Wọ́n rí i pé akoto ń dín ìpalára orí tó le kù ní ìdá 69 nínú ìdá 100. Lọ́dún 2003 ni àjọ UCI sọ akoto dídé di dandan, lẹ́yìn tí Andrey Kivilev ará Kazakhstan kú nínú ìdíje Paris–Nice.

Ní Nàìjíríà, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto fún àwọn ọlọ́kadà ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí bí àwọn kan, pàápàá ní Kano, ṣe ń dé igbá àti ike ọ̀dà láti fi tan àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àmọ́ igbá kò lè gba ìkọlù mọ́ra fún agbárí. Òun ni yóò kọ́kọ́ fọ́, orí a sì tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láìléwu

Kí ẹ tó kúrò lórí òkè, ẹ dúró, kí ẹ tẹ ìjánu méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Bí táyà bá ṣì ń yí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jókòó sórí ìjókòó, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ìka méjì wà lórí ìjánu nígbà gbogbo.

Ẹ dín iyára kù kí ẹ tó dé kọ́nà, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà nínú kọ́nà. Táyà tó ń yípo tí a sì tún ń tẹ ìjánu lé lórí máa ń yọ̀, àgàgà lórí iyanrìn tàbí lẹ́yìn òjò.

Ẹ lo ìjánu méjèèjì pọ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ léraléra, kó má baà gbóná jù.

Ẹ wo iwájú jìnnà. Ẹ má fi etí gbọ́ orin. Ẹ má gbé ọmọ sórí irin iwájú lórí òkè, ẹ má sì di iṣu tàbí igi tó wúwo sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí ìjánu rẹ̀ kò dá yín lójú, nítorí ẹrù máa ń mú kí ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò ti dúró jìnnà sí i.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nínú jíà kékeré títí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀. Epo tí ẹ ó fi ṣọ́ra kò tó owó tí wọn yóò gbà fún fọ́tò egungun kan ṣoṣo ní ilé ìwòsàn.

Bí ẹnìkan bá ṣubú

Ẹ kọ́kọ́ dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Ẹ má ṣe fa onítọ̀hún dìde, ẹ má sì yí ọrùn rẹ̀, àyàfi bí iná tàbí ọkọ̀ bá fẹ́ bá a níbẹ̀. Ẹ má bọ́ akoto lórí rẹ̀ bó bá ń mí dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí. Ẹ má da kẹrosíìnì, epo pupa tàbí iyanrìn sí ojú ọgbẹ́. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi mu bí ojú rẹ̀ kò bá dá.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bó bá dákú, kódà bó jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré; bó bá ń bì; bí oorun bá ń gbé e lọ ṣáá; bí gìrì bá mú un; bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀; bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ; tàbí bí inú bá ń dùn ún. Ìṣòro ọpọlọ lè fara pamọ́ di ọjọ́ kejì, nítorí náà kí ẹnìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ ní òru àkọ́kọ́. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ bó gbọ́dọ̀ béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí egungun bá dá, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fà á tàbí kó dì í.

Nọ́ńbà tí a fi ń pe àjọ FRSC fún ìjàǹbá ojú pópó ni 122, èyí tó sì wà fún gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ni 112. Kò gba owó lórí fóònù yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ní kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì bá wọn dé ibi tí òkè àdúgbò yín ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tẹ ìjánu wọn níṣojú yín kí wọ́n tó gbéra.